Ṣé "apẹ̀yìndà" kan ṣoṣo tó fún gbogbo ọ̀rọ̀ Gẹ̀ẹ́sì àtijọ́ wọ̀nyí?

Ẹnu-Ògbufọ̀ béèrè:

Ẹ kú ilé o. Mo ń túmọ̀ ìwé ìtàn-àròsọ kan tó dá lórí ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, láti ayé Ọbabìnrin Mary Kìíní títí dé ayé Charles Kìíní. Láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin, ńṣe ni wọ́n ń bú ara wọn: apostate, renegade, runagate, miscreant, recreant. Wọ́n á ní ẹni yìí recant, wọ́n á ní tọ̀hún abjure. Apẹ̀yìndà ni mo fi túmọ̀ gbogbo rẹ̀. Olóòtú dá iṣẹ́ náà padà fún mi, ó ní mo ti sọ ènìyàn méje di ẹyọ kan. Èmi ò rí ohun tó burú níbẹ̀. Ẹni tó bá ti kúrò nínú ẹ̀sìn ti kúrò náà nìyẹn. Ṣé ìyàtọ̀ wà lóòótọ́, àbí olóòtú kàn fẹ́ fi ìmọ̀ ṣakọ lórí mi ni?

* * *

Akàwéalẹ́:

Olóòtú yín ló jàre, ẹ má bínú.

Ohun tí ọ̀pọ̀ ń sọ ni pé apostate ni orúkọ gidi, pé èébú lásán ni àwọn tó kù. Bí ìwé atúmọ̀ èdè ṣe ń tò wọ́n náà nìyẹn. Èmi ò gbà. Nínú gbogbo ọ̀rọ̀ tí ẹ kọ sílẹ̀ yẹn, kò sí èyí tí ẹni tó kúrò nínú ẹ̀sìn fi pe ara rẹ̀. Àwọn tó fi sílẹ̀ ló sọ ọ́ lórúkọ, ohun tó sì dùn wọ́n jù ni wọ́n fi sọ ọ́. Ẹ bi ọ̀rọ̀ kọ̀ọ̀kan pé ta ló ń bínú, kí ló sì bí i nínú. Ibẹ̀ lẹ ó ti rí ìyàtọ̀ wọn.

Kí Látìnì àti Faransé tó kún inú èdè wọn, wiþersaca ni ọ̀rọ̀ abínibí tí wọ́n ní. (Lẹ́tà tó jọ p yẹn, "th" ni wọ́n ń pè é.) Ọ̀tá ni, alátakò, ẹni tí ìjà tàbí ẹjọ́ wà láàárín ìwọ àti òun. Wọ́n ń pe Sátánì bẹ́ẹ̀. Wọ́n sì ń pe Julian bẹ́ẹ̀, olú-ọba Róòmù tó jọba láti 361 sí 363, tí wọ́n fi ẹ̀sìn Kristẹni tọ́ dàgbà àmọ́ tó padà sídìí àwọn òrìṣà ìlú rẹ̀. Lójú àwọn tó ń kọ ìwé nígbà náà, Julian kò kúrò níbì kankan. Ó gbógun tì wọ́n ni.

Èyí tó jọ mí lójú ni pé ọ̀rọ̀-ìṣe tó bá a tan, wiþsacan, òun náà ni wọ́n ń lò níbi ìrìbọmi. Àlùfáà á béèrè bóyá o wiþsacan Sátánì, wọ́n á sì dáhùn pé bẹ́ẹ̀ ni. Ọ̀rọ̀ kan náà ló ń mú ènìyàn wọlé, òun náà ló ń mú un jáde.

* * *

Ẹnu-Ògbufọ̀:

Ẹ ṣeun, ẹ̀gbọ́n, àmọ́ kò sẹ́ni tó sọ wiþersaca nínú ìwé tèmi. Apostate ló pọ̀ níbẹ̀. Ohun tó tilẹ̀ yà mí lẹ́nu: baba ńlá ọ̀kan nínú wọn jẹ́ mọ́ńkì láyé àtijọ́, apostate ni wọ́n sì ń pè é, bẹ́ẹ̀ ni mi ò rí ibi tó ti sẹ́ Jésù rárá. Ó kàn sá kúrò nílé àwọn mọ́ńkì, ó lọ fẹ́yàwó.

* * *

Akàwéalẹ́:

Ẹ ti dáhùn ìbéèrè yín fúnra yín. Apostate gidi nìyẹn.

Ọ̀dọ̀ àwọn Gíríìkì ni ọ̀rọ̀ náà ti wá, ìlú tó ṣọ̀tẹ̀ sí olúwa rẹ̀ tàbí ọmọ ogun tó yà kúrò lẹ́yìn ọ̀gá ni wọ́n ń sọ ọ́ sí. Ìgbà tó fi máa dé ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ní Sànmánì Agbedeméjì, láyé tí ilé àwọn mọ́ńkì ṣì wà níbẹ̀, apostate tí ìwé ilé-ẹjọ́ àti ìwé bíṣọ́ọ̀bù ń sọ nípa rẹ̀ léraléra kì í ṣe aláìgbàgbọ́. Mọ́ńkì ni, tàbí obìnrin ilé ajẹ́jẹ̀ẹ́, tó ti jẹ́jẹ̀ẹ́ tán tó wá sá. Ó lè máa gba ara Olúwa ní abúlé kejì ní gbogbo ọ̀sẹ̀, apostate ṣì ni. Olórí ilé ajẹ́jẹ̀ẹ́ á kọ̀wé sí ìjọba, ọba á sì fi ìwé àṣẹ ránṣẹ́ sí ọlọ́pàá àgbà ìpínlẹ̀ náà pé kó lọ mú un wá. Orúkọ ìwé àṣẹ yìí ní Látìnì ni de apostata capiendo, ìyẹn ni pé "nípa mímú apostate".

Ìtàn kan wà nínú ìwé àkọsílẹ̀ William Melton, Bíṣọ́ọ̀bù Àgbà ìlú York, ní 1318. Obìnrin kan tí wọ́n ń pè ní Joan ará Leeds, tó wà ní ilé ajẹ́jẹ̀ẹ́ St Clement nítòsí York, díbọ́n pé ara òun ò yá, ó díbọ́n pé òun kú. Òun àti àwọn tó ràn án lọ́wọ́ ṣe ère tó jọ ọ́, wọ́n sì jẹ́ kí wọ́n sin ère náà sí ilẹ̀ mímọ́ bí òkú rẹ̀. Kí wọ́n tó mọ ohun tó ń lọ, Joan ti dé Beverley. Bíṣọ́ọ̀bù Àgbà kọ̀wé sí olórí àlùfáà ìlú náà pé kó dá obìnrin yìí padà. Ẹ wo gbogbo wàhálà yẹn, kò síbi tí wọ́n ti sọ pé Joan kò gba Ọlọ́run gbọ́ mọ́. Ẹ̀jẹ́ tó já ni wọ́n torí rẹ̀ ń wá a.

Nígbà tí Henry Kẹjọ wá ti ilé àwọn mọ́ńkì pa láàárín 1536 sí 1540, irú apostate yìí tán nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Kò sílé tí wọn ó ti sá mọ́.

Fún baba ńlá inú ìwé yín, bó bá jẹ́ èmi ni, ìsáǹsá ni n ó lò. "Ìsáǹsá mọ́ńkì." Gbogbo ẹni tó bá ti ka ìtàn Káínì nínú Jẹ́nẹ́sísì ló mọ ìsáǹsá.

* * *

Ará Peckham:

Ẹ̀gbọ́n Akàwéalẹ́ ń mú ọ̀rọ̀ yìí fẹ́rẹ̀ bí ẹni pé eré ni. Wọ́n pa ènìyàn o! Díákónì kan wà ní Oxford tí wọ́n sun láàyè nítorí pé ó di Júù. Ẹ má fi ìtàn Joan bo ìyẹn mọ́lẹ̀.

* * *

Akàwéalẹ́:

Mi ò bo nǹkan mọ́lẹ̀. Ọdún 1222 ni. Díákónì náà kọ́ èdè Hébérù, ó kọlà, ó sì fẹ́ obìnrin Júù kan. Ìgbìmọ̀ tí Stephen Langton, Bíṣọ́ọ̀bù Àgbà Canterbury, kó jọ nítòsí Oxford bọ́ oyè lára rẹ̀, wọ́n fà á lé àwọn aláṣẹ ìlú lọ́wọ́, wọ́n sì sun ún. Apostate nìyẹn ní gbogbo ọ̀nà, ìjọba kò sì béèrè ìwé àṣẹ kankan kó tó ṣẹlẹ̀.

Ibi tí èmi àti ẹ̀yin ti lè yapa ni èyí tó tẹ̀ lé e. Àwọn ènìyàn máa ń mú òfin 1401, èyí tó fàyè gba sísun ènìyàn, bí òfin tí wọ́n ṣe fún àwọn tó fi ẹ̀sìn sílẹ̀. Rárá o. Àwọn ẹlẹ́kọ̀ọ́ àdámọ̀ ni wọ́n ṣe é fún, àwọn tó ní àwọn gan-an ni Kristẹni tòótọ́, pé Póòpù ló ṣìnà. William Sawtrey, àlùfáà tí wọ́n sun lọ́dún yẹn kan náà, kò ní òun kúrò nínú ẹ̀sìn. Ohun tó pa á ni pé ó ti kọ ẹ̀kọ́ rẹ̀ sílẹ̀ níwájú bíṣọ́ọ̀bù tẹ́lẹ̀, ó tún wá padà sídìí rẹ̀.

Ibẹ̀ sì ni abjure ti wọlé, Ẹnu-Ògbufọ̀. Ẹni tó abjure kì í ṣe apẹ̀yìndà rárá. Ọ̀nà ilé ló kọjú sí. Ó ń búra pé òun ti fi àṣìṣe sílẹ̀, òun padà sínú ìjọ. Ẹ̀ẹ̀kan ni wọ́n ń gba irú ìbúra bẹ́ẹ̀. Wọ́n á ní kó gbé ìdì igi lé èjìká yí ọjà tàbí ṣọ́ọ̀ṣì ká, kí gbogbo ayé lè rí igi tí wọn ì bá fi sun ún. Wọ́n ní kí àwọn mìíràn máa wọ aṣọ tí wọ́n ya àwòrán ìdì igi sí lára. Bí onítọ̀hún bá tún padà sídìí ẹ̀kọ́ rẹ̀, iná ló kù. Tí ẹ bá pe irú ẹni yìí ní apẹ̀yìndà lọ́jọ́ tó ń búra, ẹ ti yí ìtàn náà sódì. "Ó fi ìbúra kọ ẹ̀kọ́ rẹ̀ sílẹ̀" ni.

* * *

Akọrin Àná:

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ jẹ́ n dá sí i. Ìwé Àdúrà Gẹ̀ẹ́sì àtijọ́ la fi ń kọ Sáàmù nígbà tí mo wà ní kọ́ríà. Ní Sáàmù 68, runagates wà níbẹ̀: Ọlọ́run jẹ́ kí wọ́n wà nínú àìní. A ń kọ ọ́ kíkankíkan láìmọ ẹni tí à ń ṣépè fún. Ọ̀gá kọ́ríà ní àwọn ọmọ tó ń sá fún ìdánrawò ni. Bíbélì Yorùbá ní "ọlọ̀tẹ̀" níbẹ̀. Ṣé runagate àti renegade jẹ́ ọ̀rọ̀ kan náà ni?

* * *

Akàwéalẹ́:

Ọ̀kan náà ni wọ́n, àṣìgbọ́ ló pín wọn níyà. Látìnì ní renegatus, ẹni tó sẹ́. Àwọn Gẹ̀ẹ́sì ní renegate láti inú rẹ̀. Mẹ̀kúnnù gbọ́ ọ, wọ́n gbọ́ "run" nínú rẹ̀, wọ́n sì rò pé ọ̀rọ̀ sísá ni, pé ẹni tó ń sáré káàkiri ojú ọ̀nà ni wọ́n ń sọ. Bí runagate ṣe dáyé nìyẹn ní ìdajì àkọ́kọ́ ọ̀rúndún kẹrìndínlógún. Miles Coverdale ló túmọ̀ Sáàmù tó wà nínú Ìwé Àdúrà yẹn, òun ló fi í síbẹ̀. Nítorí náà, ọ̀gá kọ́ríà yín kò jìnnà sí i.

Ṣáájú ìgbà náà, reneye ni ọ̀rọ̀ tí wọ́n ń lò fún kí ènìyàn sẹ́ ẹ̀sìn. Chaucer lò ó nínú ìtàn kan tí ìyá Súlútáànì ti díbọ́n pé òun fẹ́ sẹ́ òfin ẹ̀sìn òun kí àlùfáà lè ṣe òun ní Kristẹni. Ẹ kíyè sí ẹni tó ń sẹ́ ẹ̀sìn níbẹ̀. Mùsùlùmí ni. Ní ọ̀rúndún kẹrìnlá, ọ̀rọ̀ náà kò tíì ní ẹ̀gbẹ́ tó wà. Ẹnikẹ́ni ló lè reneye ohunkóhun.

Ìbátan rẹ̀ ni renege, tí àwọn oníṣòwò ń lò lónìí fún ẹni tó yẹ àdéhùn. Ẹ̀sìn ló ti bẹ̀rẹ̀, ó gba ìdí ayò káàdì kọjá, ó wá dé ilé-ẹjọ́.

* * *

Ọmọ Mushin:

Èmi ò mọ Látìnì. Ohun tí mo mọ̀ ni miscreant. Kò sí ọ̀sẹ̀ kan tí ọlọ́pàá kì í sọ ọ́ lórí rédíò: "some miscreants", àwọn ọmọ tó jókòó sábẹ́ bíríìjì. Wọ́n kó ọmọ ìyá mi kan nígbà kan nítorí pé ó dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ wọn. Ṣé ẹ fẹ́ sọ pé ẹni tó sẹ́ ìgbàgbọ́ ni ọlọ́pàá ń pè bẹ́ẹ̀?

* * *

Akàwéalẹ́:

Ẹ pẹ̀lẹ́ fún ọmọ ìyá yín.

Bẹ́ẹ̀ ni, ibẹ̀ ló ti wá. Faransé àtijọ́ ni mescreant, ẹni tí ìgbàgbọ́ rẹ̀ kò dára. Nǹkan bí 1300 ló wọ Gẹ̀ẹ́sì, Mùsùlùmí àti ẹlẹ́kọ̀ọ́ àdámọ̀ ni wọ́n ń fi pè. Ní òpin ọ̀rúndún kẹrìndínlógún, àwọn akéwì ti ń fi í pe ẹni ibi lásán, kò sì pẹ́ tí ẹ̀sìn fi kúrò nínú rẹ̀ pátápátá. Ìlú London ti fẹ́rẹ̀ẹ́ gbàgbé ọ̀rọ̀ yìí. Ọlọ́pàá Nàìjíríà ló gbà á tọ́jú.

Ohun tó ń ṣẹlẹ̀ sí ọ̀pọ̀ nínú wọn nìyẹn. Renegade náà di ọlọ̀tẹ̀ lásán. Tí ìjọba kò bá dá ẹni tó yí ẹ̀sìn padà lẹ́jọ́ mọ́, ọ̀rọ̀ tí wọ́n fi ń dá a lẹ́jọ́ á wá ẹlòmíràn tí yóò bú. Nínú ìwé yín, Ẹnu-Ògbufọ̀, ẹ wo ọdún kí ẹ tó túmọ̀ miscreant. Láyé Mary, "aláìgbàgbọ́" lè tọ̀nà. Láyé Charles, "ènìyànkénìyàn" ló sún mọ́ ọn jù.

* * *

Ọmọ Ilé Kéwú:

Mo ti ń ka ọ̀rọ̀ yín látàárọ̀. Ìbéèrè tèmi yàtọ̀. Renegade inú ìwé náà, bí mo ṣe mọ ìtàn ìgbà yẹn, ẹni tó gba Ìsìláàmù ni. Ṣé ẹ ó wá pe ẹni tó di Mùsùlùmí ní apẹ̀yìndà lédè Yorùbá, kí ìdajì àwọn tó máa ka ìwé náà lè bú ara wọn? Lójú tiwa, onítọ̀hún délé ni. Àwa náà ní murtadd fún ẹni tó jáde lọ́dọ̀ wa. Mo sì gbọ́ pé tipátipá ni gbogbo wọn fi ṣe é, torí ẹrú ni wọ́n.

* * *

Akàwéalẹ́:

Ẹ dúró ná, alàgbà. Nǹkan méjì lẹ sọ. Mo gba ọ̀kan, mi ò gba ìkejì.

Lórí tipátipá: ọ̀pọ̀ atukọ̀ Gẹ̀ẹ́sì ni àwọn ajalèlókun kó lọ sí Algiers, Tunis àti Salé ní àríwá Áfíríkà, tí wọ́n tà lẹ́rú. Nínú wọn, àwọn kan yí padà kí ìyà lè dín. Òótọ́ ni. Àmọ́ àwọn kan wà tó fi ẹsẹ̀ ara wọn lọ. John Ward, ará Kent, ajalèlókun ni fúnra rẹ̀. Ó kó ọkọ̀ rẹ̀ lọ sí Tunis, ó bá aláṣẹ ibẹ̀ dòwò pọ̀, ó gba Ìsìláàmù, ó di Yusuf Raïs. William Lithgow, arìnrìn-àjò ará Scotland, dé ọ̀dọ̀ rẹ̀ níbẹ̀, ó sì kọ ọ́ sílẹ̀ pé ààfin tó ń gbé kún fún òkúta mábù. Ní London, wọ́n tẹ eré orí ìtàgé kan jáde nípa rẹ̀ ní 1612, nínú èyí tí Ward ti kú ikú ẹ̀sín. Ward gan-an ń jẹun rẹ̀ ní Tunis nígbà náà. Títí di 1622 ni kò kú. Mo rò pé ìyẹn ló bí wọn nínú jù: ó lọ, ohun búburú kankan kò sì ṣe é.

Irú àwọn Ward yìí ni renegado, tí wọ́n yá lọ́wọ́ àwọn ará Sípéènì, wá bá mu nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Wọ́n tún ní "turn Turk", ìyẹn "di ará Tọ́kì", torí pé lójú wọn, Mùsùlùmí àti ará Tọ́kì kò yàtọ̀. Ẹ wò ó dáadáa, ọ̀rọ̀ ìlú àti ọkọ̀ ogun ti dàpọ̀ mọ́ ọn. Mọ́ńkì tó sá já ẹ̀jẹ́. Renegado sọdá sọ́dọ̀ ọ̀tá, ó ń fi ìmọ̀ ọkọ̀ ojú omi tó kọ́ nílé jà wọ́n lólè.

Lórí pé kí a má bú ẹnikẹ́ni, mo gbà pẹ̀lú yín. Níbi tí oníwàásù Gẹ̀ẹ́sì bá ti ń sọ̀rọ̀ nínú ìwé náà, kó bú u bó ṣe fẹ́. Níbi tí olùsọ̀tàn fúnra rẹ̀ bá ti ń sọ̀rọ̀, "ó gba Ìsìláàmù" tó.

* * *

Ará Peckham:

Mo ti mú yín wàyí. Laud, Bíṣọ́ọ̀bù Àgbà Canterbury, gbé ìlànà jáde ní 1637 fún gbígba irú àwọn wọ̀nyí padà sínú ìjọ, orí ìlànà náà sì pè é ní ti "renegado tàbí apostate". Ó fi "tàbí" sáàárín wọn! Tí Bíṣọ́ọ̀bù Àgbà bá kà wọ́n sí ọ̀kan, kí ni Ẹnu-Ògbufọ̀ ṣe tí olóòtú fi ń yọ ọ́ lẹ́nu?

* * *

Akàwéalẹ́:

Ẹ gbìyànjú. Àmọ́ bí àwọn tó ń ṣòfin ṣe ń kọ̀wé nìyẹn, wọ́n á to ọ̀rọ̀ méjì mẹ́ta tẹ̀ léra kí ẹnì kankan má bàa rí ihò gbà jáde. Renegado ni orúkọ tí wọ́n ń pè é ní èbúté. Apostate ni orúkọ rẹ̀ nínú ìwé àlùfáà. Laud nílò méjèèjì torí pé atukọ̀ ló fẹ́ gbà, ìlànà ṣọ́ọ̀ṣì ló sì fẹ́ fi gbà á.

Ẹ tilẹ̀ wo ohun tí ìlànà yẹn ní kó ṣe. Yóò wọ aṣọ funfun, yóò mú ọ̀pá funfun dání, kò gbọdọ̀ dé fìlà. Lọ́jọ́ Ìsinmi àkọ́kọ́, ìta ló máa dúró sí, ní àbáwọlé, kí àwọn ará ìjọ máa gba ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ wọlé. Lọ́jọ́ Ìsinmi tó tẹ̀ lé e, yóò wọ inú, yóò dúró sídìí ọpọ́n ìrìbọmi. Lẹ́yìn náà ni yóò tó sún mọ́ iwájú, tí yóò jẹ́wọ́, tí wọn ó sì gbà á. Ṣáájú ìgbà yẹn, ní March 1628, irú rẹ̀ wáyé ní Minehead ní Somerset fún ọkùnrin kan tó ti Algiers dé, oníwàásù méjì ló sì wàásù lé e lórí lọ́jọ́ kan. Ìwàásù kan tó ẹ̀dá, àbí?

Ìyá ẹni náà lè wà nínú ìjọ. Aládùúgbò tó mọ̀ ọ́n láti kékeré wà níbẹ̀. Èmi rò pé aṣọ funfun yẹn nira ju ohun tí wọ́n fojú ẹ̀ rí ní Algiers lọ fún àwọn kan.

* * *

Akọrin Àná:

Ọ̀rọ̀ aṣọ funfun yìí dé ọ̀dọ̀ mi. Nígbà tí mo fi ẹgbẹ́ akẹ́kọ̀ọ́ Kristẹni sílẹ̀ ní yunifásítì torí pé mo fẹ́ràn fàájì, wọ́n ní mo ti backslide. Nígbà tí mo padà, wọ́n dá mi dúró síwájú, gbogbo wọn na ọwọ́ sí mi, wọ́n ń gbàdúrà. Bí ẹni tó jalè ló rí lára mi. Ṣé backslide náà ti pẹ́?

* * *

Akàwéalẹ́:

Ó ti tó ìparí ọ̀rúndún kẹrìndínlógún. Ó wà nínú Bíbélì Gẹ̀ẹ́sì ti 1611, ní Jeremáyà orí kẹta, níbi tí Bíbélì wa ti pe Ísírẹ́lì ní apẹ̀yìndà. Òun ló rọ̀ jù nínú gbogbo wọn: ẹni tó yọ̀ sẹ́yìn lè gun òkè padà. Ìdí nìyí tí wọ́n fi gbàdúrà fún yín dípò kí wọ́n lé yín.

* * *

Ọmọ Mushin:

Ẹ ní Bíbélì wa. Àwọn tó kúrò ní St Paul's Breadfruit l'Ékòó ní 1901, tí wọ́n dá African Church sílẹ̀ ńkọ́? Bàbá bàbá mi wà lára ìjọ yẹn. Ṣé apostate ni wọ́n?

* * *

Akàwéalẹ́:

Rárá. Wọ́n yapa kúrò lábẹ́ àwọn òyìnbó bíṣọ́ọ̀bù, wọn ò fi ẹ̀sìn sílẹ̀. Ìyapa ni. Irú wọn kọ́ la ń sọ, bí kò tilẹ̀ sí ìgbà tí ẹni tí wọ́n yà kúrò lẹ́yìn rẹ̀ kì í wá ọ̀rọ̀ tó ta ju ìyẹn lọ. Nígbà tí John Henry Newman, àlùfáà Áńgílíkà ní Oxford, di Àgùdà ní 1845, convert ni àwọn Àgùdà ń pe irú rẹ̀. Ṣé ẹ mọ ohun tí àwọn kan nínú àwọn tó fi sílẹ̀ ń pè wọ́n? Pervert. Bẹ́ẹ̀ ni, nínú ìwé ìròyìn, láìrẹ ohùn sílẹ̀. Ọ̀rọ̀ náà ti ń jẹ́ bẹ́ẹ̀ láti ọ̀rúndún kẹtàdínlógún: ẹni tó yí sí ibi tí kò yẹ. Ìtumọ̀ oníṣekúṣe tí gbogbo wa mọ̀, òpin ọ̀rúndún kọkàndínlógún ló tó gbilẹ̀. Ẹni tó bá ka ìwé ìròyìn àtijọ́ yẹn láìmọ èyí á rò pé ìwà ìbàjẹ́ ni gbogbo àlùfáà Oxford ń hù.

* * *

Ẹnu-Ògbufọ̀:

Ẹ̀rín pa mí. Ó dáa, mo ti ń gbà fún olóòtú díẹ̀díẹ̀. Ẹ kò tíì fọwọ́ kan recant, bẹ́ẹ̀ Cranmer wà nínú ìwé náà, orí kan gbáko.

* * *

Akàwéalẹ́:

Látìnì recantare ni, kí ènìyàn tún orin kọ láti dá èyí tó kọ tẹ́lẹ̀ padà. Wọ́n wò ó kọ́ lára àwọn Gíríìkì, tí wọ́n ní akọrin kan, Stesichorus, bú Helen, arẹwà inú ìtàn ogun Troy, nínú orin, ojú rẹ̀ fọ́, ó sì kọ orin mìíràn kó tó ríran. Ọ̀rúndún kẹrìndínlógún, nígbà tí ìjọba ń yí ẹ̀sìn ìlú padà lọ́wọ́ bàbá sí ọmọ, ni ọ̀rọ̀ náà wọ Gẹ̀ẹ́sì. Ó bọ́ sí àkókò.

Ìyàtọ̀ rẹ̀ sí abjure ni pé ẹnu ni recant wà. Abjure ní ìbúra, ó ní ẹlẹ́rìí, ó ní ìyà tó ń bọ̀ lẹ́yìn. Recant lè jẹ́ ìwé tí o fọwọ́ sí nínú yàrá. Thomas Cranmer, tó ti jẹ́ Bíṣọ́ọ̀bù Àgbà láti 1533, fọwọ́ sí irú ìwé bẹ́ẹ̀ ju ẹyọ kan lọ nínú àtìmọ́lé lábẹ́ Mary, tó dá ìlú padà sọ́dọ̀ Póòpù. Wọ́n ṣì pinnu pé àwọn ó sun ún. Ní ọjọ́ 21, oṣù March, 1556, wọ́n mú un wá sí ṣọ́ọ̀ṣì St Mary ní Oxford kó wá ka èyí tó kẹ́yìn fún gbogbo ayé gbọ́. Dípò bẹ́ẹ̀, ó kó gbogbo ohun tó fọwọ́ sí jẹ, ó ní ọwọ́ òun tó kọ ohun tí ọkàn òun kò gbà ni iná ó kọ́kọ́ jó. Bó ti wí náà ló ṣe.

Nítorí náà, "kó ọ̀rọ̀ rẹ̀ jẹ" ni tèmi fún recant. Ó bá a mu, torí pé Cranmer kó ọ̀rọ̀ jẹ nígbà àkọ́kọ́, ó tún kó kíkójẹ náà jẹ.

* * *

Ará Peckham:

Ojo ni Cranmer. Ó yẹ kó ti sọ ọ́ láti ìbẹ̀rẹ̀.

* * *

Ọmọ Ilé Kéwú:

Ẹ̀yin tí ẹ ò tíì rí àtìmọ́lé rí ni ẹ ń pe ẹlòmíràn ní ojo.

* * *

Akàwéalẹ́:

Mo wà lẹ́yìn Ọmọ Ilé Kéwú níbí.

Fún ẹni tó fẹ́ mọ ìgbà tí òfin jáwọ́: ní òpin ọ̀rúndún kẹtàdínlógún, wọ́n ṣe òfin kan pé ẹni tí wọ́n tọ́ nínú ẹ̀sìn Kristẹni tó bá sẹ́ ẹ yóò pàdánù ipò ìjọba rẹ̀. Bó bá tún ṣe é, ẹ̀wọ̀n ọdún mẹ́ta, kò sì ní lè pe ẹjọ́ mọ́. Ọdún 1967 ni wọ́n tó pa á rẹ́ nínú ìwé òfin.

* * *

Ẹnu-Ògbufọ̀:

Ọdún 1967! Ẹ̀rọ amóhùnmáwòrán ti wà.

Ó ku recreant. Nínú ìwé tèmi, ìjà idà ni wọ́n ti sọ ọ́, àmọ́ ojú ìwé kejì, wọ́n fi í pe ẹni tó kúrò nínú ìjọ. Mi ò mọ bí n ó ṣe fi ọ̀rọ̀ kan gbé méjèèjì.

* * *

Akàwéalẹ́:

Ìjà ló ti bẹ̀rẹ̀. Láyé tí wọ́n ń fi ìjà yanjú ẹjọ́, ẹni tí agara bá dá á kígbe pé òun ti gbà, ẹjọ́ ti dá nìyẹn, orúkọ rẹ̀ sì ti bàjẹ́ títí láé. Lẹ́yìn náà ni wọ́n gbé e wọ ọ̀rọ̀ ẹ̀sìn. Mo ti wá ọ̀rọ̀ Yorùbá tó lè gbé ìjà àti ẹ̀sìn pọ̀, mi ò rí i.

* * *

Ọmọ Ilé Kéwú:

Túúbá ńkọ́? Lójú ìjà, ẹni tó bá túúbá ti jọ̀wọ́ ara rẹ̀. Lárúbáwá tí a ti yá a, ìrònúpìwàdà ni. "Atúúbá."

* * *

Ẹnu-Ògbufọ̀:

Mo gbà á! Mo ti tẹ̀ ẹ́ sínú rẹ̀ báyìí. Olóòtú máa béèrè ìdí tí Kristẹni Gẹ̀ẹ́sì fi ń fi Lárúbáwá bú ara wọn, n ó darí rẹ̀ síbí.